John Duncan: Ẹlẹ́ṣin Láti Scotland Tó Wọ Ilẹ̀ Mahi Ní 1845

Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ìtàn agbègbè Savalou nínú ìwé àwọn òyìnbó àtijọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá orúkọ John Duncan pàdé. Ó wà lára àwọn òyìnbó àkọ́kọ́ tó kọ ohun tí wọ́n fojú rí ní ilẹ̀ Mahi sílẹ̀. Kì í ṣe àlùfáà, kì í ṣe oníṣòwò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ẹlẹ́ṣin ni. Orí ẹṣin ló ti kọ́ iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ènìyàn nílé, ẹṣin gígùn náà sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ó rí ojúrere ọba Dàhòmì.

A kọ ìtàn ayé rẹ̀ síhìn-ín nítorí pé ìwé rẹ̀ wúlò fún wa, ó sì tún lè ṣì wá lọ́nà. Ẹni tí kò bá mọ irú ènìyàn tó kọ ìwé náà, àti bí ó ṣe rin ìrìnàjò rẹ̀, kò ní mọ ibi tó yẹ kí òun ti gbà á gbọ́ àti ibi tó yẹ kí òun ti dúró wò.

Ìbí rẹ̀ àti iṣẹ́ ológun

Ní nǹkan bí ọdún 1805 ni wọ́n bí John Duncan, nítòsí ìlú Kirkcudbright ní gúúsù ilẹ̀ Scotland. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò tóbi ni bàbá rẹ̀. Ìwé tí ọmọ náà kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ga, ó sì lágbára. Ní 1822, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 17, ó wọ iṣẹ́ ológun nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Life Guards.

Àwọn Life Guards ni ẹlẹ́ṣin tó ń ṣọ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ga tó sì dúró dáadáa ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ń dé akoro tí ìyẹ́ wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń fi idà gígùn kọ́ ìbàdí. Iṣẹ́ tí Duncan kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ti kí ènìyàn kàn jókòó lé ẹṣin. Ẹṣin ológun gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ nínú ariwo ìlù, ìbọn àti èrò. Ẹni tó gùn ún gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ òsì nìkan di ìjánu mú, kí ó máa fi itan àti orúnkún sọ ohun tó fẹ́ fún ẹṣin, kí ọwọ́ ọ̀tún lè ráyè fún idà. Ọdún gbọọrọ ni irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà, Duncan sì lo nǹkan bí ọdún 17 lẹ́nu rẹ̀. Lásìkò rẹ̀, ọba mẹ́ta ló jẹ lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: George Kẹrin, William Kẹrin àti Victoria. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ó ń kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán yíyà àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ìwé ẹ̀rí ìwà rere ni wọ́n fún un.

Odò Ọya, 1841

Ìrìnàjò rẹ̀ àkọ́kọ́ sí ilẹ̀ adúláwọ̀ kì í ṣe ti ẹṣin. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí Odò Ọya: Albert, Wilberforce àti Soudan. Wọ́n fẹ́ bá àwọn ọba etí odò ṣe àdéhùn láti fi òwò ẹrú sílẹ̀, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ àgbẹ̀ àti òwò mìíràn rọ́pò rẹ̀. Inú ọkọ̀ Albert ni Duncan wà. Òun ló ń bójú tó ohun ìjà àti ìgbọràn àwọn ọmọ-ogun.

Nínú ìrìnàjò kan náà ni Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther wà, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ìjọ rẹ̀ ti rí i pé ó yẹ kí wọ́n rán an lọ kàwé láti di àlùfáà. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ, ikú ni ìrìnàjò náà já sí. Ibà bo àwọn òyìnbó mọ́lẹ̀. Nínú 145 tó wọ odò náà, ó lé ní 40 tó kú láàárín oṣù díẹ̀. Duncan wà láàyè, ṣùgbọ́n nígbà tó padà délé ní 1842, ó ti rù kan eegun, ọgbẹ́ burúkú sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹlòmíràn tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yóò jókòó sílé. Duncan kò jókòó. Ó lọ bá Royal Geographical Society ní London, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ òkèèrè, ó ní òun fẹ́ gba etí òkun wọ inú ilẹ̀ lọ, kí òun dé àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Kong nígbà náà. Ẹgbẹ́ náà ràn án lọ́wọ́, ó sì wọ ọkọ̀ ní 1844. Cape Coast ló kọ́kọ́ dé sí, lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sí Ouidah. Níbẹ̀ ni Francisco Félix de Souza, ọmọ Brazil tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ nínú òwò ẹrú ní etíkun yìí, ti gbà á lálejò. Ọ̀rọ̀ náà kọni lóminú. Orílẹ̀-èdè tó ń fi ọkọ̀ ogun lé àwọn olówò ẹrú kiri lójú òkun ni Duncan ti wá, síbẹ̀ ilé olówò ẹrú ló ti kọ́kọ́ rí ìtọ́jú.

Níwájú ọba Ghezo

Kí a tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abomey, ó yẹ kí a rántí ohun tí ẹṣin jẹ́ fún àwọn ará Dàhòmì. Ní 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya wọ ilẹ̀ wọn. Dàhòmì ní ìbọn, ṣùgbọ́n kò ní ẹlẹ́ṣin tó lè dojú kọ ti Ọ̀yọ́ ní pápá. Àwọn Ọ̀yọ́ padà wá léraléra, títí Dàhòmì fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ ní 1730. Fún ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 ni wọ́n fi sìn ín. Ghezo, tó gorí oyè ní 1818, ni ọba tó já ìsìn náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí Ọ̀yọ́ ti ń fọ́ nínú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹṣin kò rọrùn láti sìn ní Abomey. Eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran wà nínú igbó ìhà gúúsù, àrùn tó ń gbé kiri sì ń pa ẹṣin. Ìdí nìyí tí Ọ̀yọ́ pàápàá fi ń ra ẹṣin láti òkè ọya. Èyí tó bá wà ní Dàhòmì, ó kéré ní ìdúró, kò sì pọ̀. Àwọn ìjòyè ló ń gùn ún, ìránṣẹ́ á sì máa rìn ní apá ọ̀tún àti apá òsì láti gbé olúwa rẹ̀ ró. Ẹṣin jẹ́ ohun iyì, kì í ṣe ohun ogun.

Iwájú irú ọba bẹ́ẹ̀ ni Duncan dé ní 1845. Ó ti gbé aṣọ ológun rẹ̀ ti Life Guards dání láti ilé. Ghezo fẹ́ rí i bí ẹ̀ṣọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe, Duncan sì wọ aṣọ náà, ó gun ẹṣin, ó sì fi iṣẹ́ tó kọ́ hàn láìsí ẹni tó dì í mú. Ẹṣin tó wà níbẹ̀ kò tó irú èyí tó ti mọ̀ ní London, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ọgbẹ́ ti bà jẹ́ kò sì tíì fún un nísinmi. Síbẹ̀ inú ọba dùn. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní ìwé, tí kò ní owó, tí kò sì gbọ́ èdè ìlú, ti rí èdè kan tí ọba gbọ́.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ ti wà láàárín àwọn méjèèjì. Ghezo jẹ́ kí ó wo àwọn ọmọ-ogun obìnrin bí wọ́n ṣe ń yan kọjá. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí àwọn ọba Dàhòmì kì í sábà ṣe fún òyìnbó: ó jẹ́ kí ó kọjá Abomey lọ sí ìhà àríwá, ó sì fún un ní àwọn ọmọ-ogun àti ẹni tí yóò ru ẹrù tẹ̀lé e.

Ní ilẹ̀ Mahi

Ọ̀nà tó gbà lọ ni ó kàn wá jùlọ. Ó gba Paouignan, ó sì dé Logozohè, ìlú tó wà lójú ọ̀nà láàárín Dassa àti Savalou, tó sì jẹ́ ara Savalou lónìí. Ẹni tó bá mọ agbègbè náà yóò dá a mọ̀ nínú ohun tí Duncan kọ: àwọn òkè olókùúta tó dá dúró láàárín pápá, ilẹ̀ tó lọ́ràá, àti iṣẹ́ oko tí wọ́n ń fi ọwọ́ dáadáa mú. Ó yin àwọn àgbẹ̀ Mahi. Ó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ oko tó dára. Ní ìlú dé ìlú, àwọn ìjòyè ń jáde wá pàdé rẹ̀, wọ́n ń fún un ní oúnjẹ, wọ́n ń lùlù, wọ́n sì ń jó fún un. Ó kà wọ́n sí ọ̀rẹ́.

Ibí yìí ni a ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀. Kí Duncan tó dé, Ghezo ti bá àwọn Mahi jagun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti fọ́ ìlú, ó ti kó ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti dè lọ sí Ouidah, tí wọ́n tà kọjá òkun. Títí di òní, orúkọ Mahi ṣì wà nínú àwọn ilé òrìṣà ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn tí wọ́n kó lọ gbé e dé. Nítorí náà, nígbà tí ìjòyè kan bá jáde wá kí òyìnbó yìí, àwọn tó rí lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ-ogun ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ta ló jẹ́ fi ilẹ̀kùn há irú àlejò bẹ́ẹ̀ mọ́ta? A kò sọ pé gbogbo inú rere tó rí ni ẹ̀rù bí. Àlejò ṣíṣe ti wà ní ilẹ̀ wa kí Ghezo tó jọba. Ṣùgbọ́n Duncan kò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ èyí tó ti ọkàn wá yàtọ̀ sí èyí tó ti ìbẹ̀rù wá. Ẹnu ògbufọ̀ ló fi ń gbọ́ ohun gbogbo, àwọn tí ọba rán tẹ̀ lé e sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ó dùn wá pé ó kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Savalou, tó sì jẹ́ pé ojú Abomey ló fi wo agbègbè náà. Savalou ní ìtàn ẹni tó gun ẹranko tirẹ̀. Ìtàn ìdílé ọba níbẹ̀ sọ pé Soha, tó tẹ ìjọba àwọn Gbaguidi dó, gun ẹfọ̀n bí ẹni gun ẹṣin. Ẹni tó ń fi ẹṣin gba ìyìn kiri ì bá fẹ́ràn irú ìtàn yẹn.

Ọ̀rọ̀ Adofoodia

Ẹni tó bá kúrò ní Savalou lónìí tó dorí kọ àríwá, ilẹ̀ Bantè ni yóò gbà, níbi tí àwọn ènìyàn wa Ìṣà wà, kí ó tó dé Bassila àti Djougou. Djougou wà lójú ọ̀nà àwọn olówò obì tó ń lọ láàárín Salaga àti ilẹ̀ Haúsá, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ òpó ọ̀nà dunjú. Duncan ní òun náà rin ìhà àríwá lọ jìnnà, ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ó ní òun dé ìlú kan tó pè ní Adofoodia, tó kọjá ìlà 13 lókè. Ibẹ̀ ló ní òun ti bá ẹnì kan pàdé tó wà níbẹ̀ nígbà tí Mungo Park kú nínú Odò Ọya.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Abomey wà nítòsí ìlà 7. Láti ibẹ̀ dé ìlà 13, ó ju 600 kìlómítà lọ bí ẹyẹ ṣe ń fò, ilẹ̀ Benin òde òní pàápàá kò dé ìlà náà. Oṣù díẹ̀ ní 1845 ni Duncan ní òun fi lọ tí òun sì fi bọ̀. Bí ó sì ṣe ń jìnnà sí Logozohè nínú ìwé rẹ̀ ni àwọn orúkọ ìlú ń ṣòro láti fi wé èyí tí a mọ̀. Ní 1974, Marion Johnson, onímọ̀ ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà, gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ìwé ìwádìí History in Africa. Ibi tó parí rẹ̀ sí ni pé ìrìnàjò sí Adofoodia kò rí bẹ́ẹ̀: Duncan hun ún ni.

Kí ló lè sún un dé ibẹ̀? Lójú tiwa, ó yẹ kí a rántí irú ẹni tó jẹ́. Àwọn tó rán an fẹ́ gbọ́ ìròyìn ibi tí òyìnbó kò tíì dé. Ọmọ-ogun lásán tí kò ní ilé ńlá lẹ́yìn kò ní ohun mìíràn láti mú wá fún wọn ju ọ̀nà jíjìn lọ. Èyí kò dá a láre. Irọ́ nípa ilẹ̀ ẹlòmíràn máa ń pẹ́ kí ó tó kú, nítorí ẹni tó ń kà á lókèèrè kò mọ ẹni tí yóò bi, ẹni tí ó mọ òtítọ́ kò sì rí ìwé náà.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Nígbà tó padà sí etíkun, Duncan tún ń gbèrò láti gba Cape Coast lọ sí Timbuktu, ṣùgbọ́n àìsàn kò jẹ́. Ó padà sílé ní 1846. Ní 1847, ìwé ìrìnàjò rẹ̀ jáde ní apá méjì ní London, ó sì sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lórí Dàhòmì.

Nítorí ọ̀rẹ́ tó wà láàárín òun àti Ghezo, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe igbákejì aṣojú wọn ní Ouidah ní 1849. Ìrètí wọn ni pé ọ̀rẹ́ ọba yóò lè yí ọba lọ́kàn padà lórí òwò ẹrú. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, òun àti Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, jọ gòkè lọ sí Abomey. Ghezo gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn ti dé bá Duncan. Wọ́n gbé e wọ inú ọkọ̀ Kingfisher, ó sì kú sójú òkun ní ọjọ́ 3 oṣù Bélú 1849. Ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 44. De Souza tó gbà á lálejò ní Ouidah ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní oṣù Èbìbí ọdún kan náà.

Òwò ẹrú kò dáwọ́ dúró nítorí ọ̀rẹ́ náà. Ní 1848, ọdún kan kí Duncan tó padà dé, àwọn ọmọ-ogun Ghezo ti fọ́ Òkè-Ọ̀dàn, wọ́n sì kó ọmọdébìnrin Yorùbá kan lọ. Ọmọ yìí ni Ghezo fi ta Forbes lọ́rẹ ní 1850, tí ayé mọ̀ lẹ́yìn náà sí Sarah Forbes Bonetta. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1851, Ghezo kọlu Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé e padà.

Bí ó ṣe yẹ kí a ka ìwé rẹ̀

A kò ní kí ẹnikẹ́ni ju ìwé Duncan nù. Nípa ààfin Ghezo, nípa ìlò ẹṣin ní Abomey, nípa oko àti òkè ilẹ̀ Mahi títí dé Logozohè, ẹlẹ́rìí tó fojú rí nǹkan ni. Ẹ kà á níbẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì máa bi ara yín léèrè ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀. Nípa ohun tó ní òun rí lókè, ẹ má fi kọ́ ìtàn ìlú kankan, ẹ má sì fi dá ẹjọ́ ààlà tàbí ẹjọ́ oyè.

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àwọn àgbà wà ní Logozohè, ní Savalou àti ní Bantè tí wọ́n gbọ́ ìtàn ogun Ghezo lẹ́nu àwọn tó bí wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ògún lọ́dọọdún, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ọdún iṣu ní Savalou, ọ̀pọ̀ wọn máa ń pé jọ síbi kan náà. A bẹ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tó bá lọ kí ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n bá fi sọ ọ́, ìbáà jẹ́ Mahi, Ifẹ̀ tàbí Ìṣà. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ àwọn ìjòyè tó wà lórí oyè nígbà tí àlejò yẹn kọjá. Ojú Duncan nìkan ni a ti ń fi wo ọdún yẹn láti 1847.